Ìwé Tí A Ń Fi Etí Kà Lójú Ọ̀nà

Ní ayé ìsinsìnyí, ẹni tí ó ń rìn lọ sí oko tàbí sí ilé-ẹ̀kọ́ lè máa gbọ́ ìwé bí ó ti ń lọ, nítorí a ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé sínú ẹ̀rọ, fóònù a sì máa sọ wọ́n sí ni létí. Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí a sinmi: ohun tí a gbọ́ tí a kò sì rántí mọ́, ǹjẹ́ tiwa ni í ṣe?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ó ti yẹ kí a bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jókòó, láì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dà á láàmú. Ó wọ̀ wá lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń mi orí lójú ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a dé ilé opó kan, a wá ẹ̀kọ́ náà títí, a kò rí i, a sì sọ gbogbo ohun tí ìwé náà ní kí a má sọ. Nígbà tí à ń padà bọ̀, tí a dé ibi afárá kékeré tí a ti gbọ́ ọ, ni gbogbo rẹ̀ tó sọ sí wa lọ́kàn. Ó ti pẹ́ jù.

Kì í ṣe nǹkan tuntun pé ibi a máa tọ́jú ọ̀rọ̀. Cicero ará Róòmù kọ ọ́ pé Simonides ará Gíríìkì ni ó kọ́kọ́ rí i pé, bí ènìyàn bá to èrò rẹ̀ sí àyè-àyè nínú ọkàn, àyè náà yóò máa rán an létí. Ṣùgbọ́n ta ni lè gbé afárá lọ sí ilé ọlọ́fọ̀? Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus ará Jámánì, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, fi hàn pé nígbà tí wákàtí kan bá fi kọjá, ó ju ìdajì èrè ohun tí òun há sórí lọ tí ó ti sọnù. Ọ̀rọ̀ aláìnítumọ̀ ni ó há, òótọ́ ni. Síbẹ̀ ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ọmọ awo a máa tún ẹsẹ̀ Ifá pè lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. A kò gba ẹ̀sìn náà, ṣùgbọ́n sùúrù náà ń dójú tì wá.

Ǹjẹ́ kí a máa dúró kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí? A ti dán an wò, ìrìn náà kò sì jẹ́ ìrìn mọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé bàbá àgbàlagbà kan kí wa, a kò gbọ́, nítorí tí a ti di etí wa. Títí di òní ni ó ń pè wá ní agbéraga. Nínú Deuteronomi orí kẹfà, a pàṣẹ fún Ísírẹ́lì láti máa sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá ń rìn ní ọ̀nà. Sísọ ni a wí.

Nítorí náà èrò kan péré ni a ń mú nínú ìrìn kan. Bí a bá dé ilé àkọ́kọ́ ní ìlú, a ó yọ ohun tí ó wà ní etí, a ó kí ará ilé, a ó sì sọ èrò náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́, ìbáà ṣe ọmọ ilé-ìwé. Bí a kò bá lè sọ ọ́ yé ọmọ náà, a mọ̀ pé a kò tíì gbọ́ ọ.

A padà lọ sí ilé opó náà. A jókòó tì í títí oòrùn fi rọlẹ̀.