Ta Ló Ni Ìyìn Kẹ̀kẹ́?

Bí ènìyàn bá yin kẹ̀kẹ́ mi, ta ni ó ń yìn? Ìbéèrè yìí lè dà bí àwàdà. Èmi náà ì bá fi ṣe àwàdà, bí kì í bá ṣe irọ́ kékeré kan tí mo pa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ìlú Winchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

A tó bíi méjìlá tí a pàdé níbẹ̀ láti gun díẹ̀ lára ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní King Alfred's Way. Ọ̀nà náà gùn tó 350 kìlómítà, ẹfun àti òkúta tó mú bí abẹ ló sì wà ní ọ̀pọ̀ ibi lójú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gravel ni gbogbo wa gbé wá. Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ká wá sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, ó lè tó mìlímítà 40 tàbí 50, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín táyà àti férémù kí ẹrẹ̀ má baà há síbẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí gidi kì í sábà rà á ní odidi. Férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Àwọn kan a tọ oníṣẹ́ lọ kí ó wọn apá àti ẹsẹ̀ wọn bí aránṣọ ṣe ń wọn ènìyàn, kí ó tó gé páìpù irin, kí ó sì jó wọn pọ̀. Ilé iṣẹ́ Reynolds ní Birmingham gbé páìpù 531 jáde ní ọdún 1935, ojú àwọn àgbà oníkẹ̀kẹ́ ṣì máa ń tàn bí wọ́n bá gbọ́ nọ́ńbà yẹn. Páìpù 853 ti ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fi ṣe tèmi. Lẹ́yìn férémù, ènìyàn á yan gíà, á yan gàárì, á yan àwọ̀. Nígbà tí ó bá parí, á gbé e ti ògiri, á ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà ní òfin: apá tí ṣéènì wà ni kí ó kọjú sí wa, kí ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ táyà méjèèjì sì wà ní ipò kan náà. Mo ti rí àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko tútù nítorí àwòrán kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọba ni ó ń kí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, tèmi ni wọ́n yí ká. Ọ̀kan fọwọ́ ra férémù. Ọ̀kan gbé e sókè láti mọ bí ó ṣe wúwo tó. Arákùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń wò ó bí ó ṣe ń yí láìmì rárá. Ó ní, “Ta ló hun ẹsẹ̀ yìí? Mo ń wá ẹni tí yóò hun tèmi.”

Mo ní, “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to gbogbo rẹ̀.”

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Òótọ́ ni pé mo to púpọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ni mo de bíréèkì, èmi ni mo fi ṣéènì sí i, èmi náà ni mo sì ba bóòtù méjì jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n dè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ mi. Bàbá kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló hun wọ́n fún mi, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́ iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí ẹni tó bá ní Raleigh kì í ṣe ẹni kékeré ládùúgbò.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sípóòkù 32, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ìdodo ẹsẹ̀ mọ́ ríìmù. Mo rò pé kí a ṣáà dè wọ́n le ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bàbá ní rárá o, bí o bá fa ọ̀kan, o ti kan àwọn yòókù. Ó ń fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá, ó ń tẹ́tí. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ròkè ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti le jù. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀ ti dẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ohùn apá tí gíà wà máa ń yàtọ̀ sí ti apá kejì, ó ní kí ìyẹn má dà mí láàmú. Mo jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta. Lójú mi, onílù ni.

Lọ́nà ilé láti Winchester, mo gbìyànjú láti dá ara mi láre. Mo ní mo sanwó fún Bàbá, iye tó dá ni mo san, n kò yọ kọ́bọ̀. Ṣé kì í ṣe pé nígbà tí owó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ di tèmi, tòun tìyìn rẹ̀? Àlàyé yìí dùn mọ́ mi títí mo fi rántí òde àríyá wa. Bí wọ́n bá yin aṣọ lára obìnrin, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi béèrè pé, “Ta ló rán an fún ọ?” N kò tíì gbọ́ ẹni tó dáhùn pé, “Mo ti sanwó rẹ̀.” Orúkọ aránṣọ ni à ń dá. Owó ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fún mi. Kò ra pé èmi ni mo hun ún. Ìyẹn kò sí lọ́jà. Bàbá gan-an kò lè tà á fún mi bí ó tilẹ̀ fẹ́, nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni.

Mo tún sá gba ibòmíràn. Bí a bá ní ká máa dárúkọ, níbo ni a ó dúró? Ẹni tó jó férémù ńkọ́? Ẹni tó yọ́ irin? Ẹni tó wa á nínú ilẹ̀? Ìbéèrè gidi ni èyí, n kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo ọwọ́ tó kan kẹ̀kẹ́ yẹn, ilẹ̀ á ṣú kí a tó kúrò ní Winchester. Ṣùgbọ́n arákùnrin yẹn kò béèrè ẹni tó wa irin. Ẹsẹ̀ ló béèrè, mo sì mọ ẹni náà, mo mọ ojúlé rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwa oníkẹ̀kẹ́ gravel máa ń dárúkọ. A lè ka orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́wàá láìmí: ti táyà, ti gíà, ti gàárì. Ní ìpàtẹ Bespoked, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní ọdún 2011, ẹni tó fọwọ́ ṣe férémù máa ń dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, a ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ orúkọ tí a kọ sára nǹkan ni ojú wa ń rí. Bàbá kò kọ tirẹ̀ sára sípóòkù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wá sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley. British Museum ni ó wà di òní. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ọba ló ni ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n oríkì kò gbé iṣẹ́ ọnà fún ọba: ní ọdún 1988, ní bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kan ṣì lè ké oríkì rẹ̀ fún olùwádìí, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

N kò sọ pé ẹni tó yan nǹkan kò ṣe nǹkan kan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá àwọ̀ ewé tó ṣú dáadáa. Bí wọ́n bá yin àwọ̀ náà, màá gbà á, màá sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní yinni yinni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ inú dídùn lásán ni wọ́n ń sọ. Ní Winchester, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ẹnìkan ń wá ahunṣẹ̀kẹ̀kẹ́ (bí èdè wa bá gbà mí láyè), mo sì dínà mọ́ Bàbá nítorí àtẹ́wọ́ tí kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ní Sátidé kejì, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Peckham. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe rí. Bàbá kò wo ojú mi. Ó dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sípóòkù.

“Ṣé o gùn ún nínú òkúta?”

“Mo gùn ún, Bàbá.”

Ó dúró lórí ọ̀kan, ó ta á lẹ́ẹ̀mejì. “Gbọ́ èyí.” N kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kékeré, ó yí i díẹ̀, ó tún ta á.

“Arákùnrin tó ń wá ẹsẹ̀ yẹn, ṣé o gba nọ́ńbà rẹ̀?”

“N kò gbà á, ẹ má bínú.”

“Wá a,” ni ó wí. Ó ti bọ́ sórí sípóòkù mìíràn.