Ìwúre fún Igbó Ìkirè àti Àpòmù

Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ̀yin ará Àpòmù, mo kúnlẹ̀, mo wúre. Ọyẹ́ ń bọ̀. Bó bá fẹ́, kó fẹ́ ire wọ oko yín, kó má fẹ́ iná wọ̀ ọ́. Iná kì í jó inú odò. Iná kò ní jó ohun tí ẹ fi òógùn gbìn. Kòkó tí ẹ tọ́ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kó tó so kò ní di eérú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àgbagbà tó ń ṣíji bo ọmọ kòkó, tó ń pọ́n fún àwọn ìyá tó ń dín dòdò Ìkirè, kò ní kú mọ́dìí. Àṣẹ.

Gbogbo wa la mọ ewé Akíntọ́lá. Bí òjò bá ti dá, á gbẹ, á ṣù mọ́ra létí oko, á so etí igbó mọ́ ìdí kòkó. Ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, á sì bá ewé kòkó gbígbẹ nílẹ̀ tó bo kókósẹ̀. Kí Olódùmarè fún wa lókun tí a ó fi ro ó mọ́ kí oṣù Ọ̀pẹ̀ tó wọlé.

Mo wúre fún àwọn tó ń ya máàpù igbó. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ náà nílé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní AFRIGIST lónìí, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún 2003, Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lójú òfurufú láti fi ya àwòrán ilẹ̀. Kí ojú wọn má fọ́, kí ọwọ́ wọn má ṣì. Kí wọ́n má ka iye gẹdú nìkan. Kí wọ́n sàmì sí ibi tí omi ti ń sun, ibi tí etu ń bímọ sí, ibi tí olú ń hù, igi tí oyin wà. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ sí adágún Aṣéjire, níbi tí Ìbàdàn ti ń bu omi mu. Bí igbó etídò bá jóná, ẹrẹ̀ ni òjò yóò gbá sínú omi náà. Kí wọ́n sì bi àwọn ọdẹ àgbà léèrè kí wọ́n tó fa ìlà kankan.

Ohun tí ojú Gánà rí lọ́dún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, tí iná jó oko kòkó káàkiri, ojú wa kò ní rí i. UNESCO fi orúkọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Kí igbó tiwa náà rí ẹni kà á sí.

Ẹ̀yin ọba wa, Akirè, Alápòmù, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ iná àti igbó yìí.

Ẹ̀yin ọdẹ, mo bẹ̀ yín, ajá ni kí ẹ fi lé ọ̀yà, ẹ má finá lé e. Ẹ̀yin tó ń sun oko, ẹ ro etí rẹ̀ yíká, ẹ pe ará oko tó múlé tì yín, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí iná yóò fi kú pátápátá.