Ìjókòó fún Ẹni tí Ó Rẹ̀
Jákọ́bù 2: 1–4

Àwa ará Pópó Yemọja kò nílò olùkọ́ láti sọ fún wa bí òkè ti rí lára ẹni tí ó ru ẹrù. Ní ọ̀nà Òkè Mápó, níbi tí a ti ṣí Gbọ̀ngàn ńlá nì ní ọdún 1929, ojoojúmọ́ ni a ń rí àwọn obìnrin tí ń ti Ọjà'ba bọ̀, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn sọ ẹrù. Bí wọ́n bá sì sinmi tán, wọn kò lè dá a gbé rù. Ó di dandan kí wọ́n tún rí ẹlòmíràn.

Èyí mú wa rántí Òkè Ìdànrè ní ilẹ̀ Òǹdó. Orí òkè gíga ni àwọn baba wọn tẹ̀dó sí, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tètè tẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni ààfin Ọwá wà. Nígbà tí àlàáfíà dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi: ta ni yóò máa ru omi àti iṣu gun òkè títí ayé? Lónìí arìnrìn-àjò ni ń lọ wo ìlú àtijọ́ náà. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gùn lé ní 600, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá rẹ̀ ni ó ni ibẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kò lè wí pé ti òun ni.

Ẹ̀wẹ̀, ní ìjọ kan, ní Ọjọ́ Ìsinmi, a gbé àlejò kan dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé gbogbo àga tí ó bọ́ sí ni ó ní olúwa. Kí a tó parí Psalmu, ó ti bọ́ síta. Kò sí ẹni tí ó bi í ní ẹrù tí ó gbé wá.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn ni ó san owó àga. Òtítọ́ ni, Ọlọ́run yóò sì san án fún wọn. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù kò bínú pé ọlọ́rọ̀ jókòó. Ó bínú pé a ní kí tálákà dúró.

Ta ni nínú wa tí kì í ṣe ọmọ àlejò? Ibùdó ogun ni Ìbàdàn, tí àwọn ará Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jùmọ̀ dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní 1851 ni Alùfáà David Hinderer ti Abẹ́òkúta wá, àwọn olóyè sì gbà á. Ní 1853 òun àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Àwọn tí ó fún wọn ní ilẹ̀ kò tíì mọ Krístì.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin àgbà ìjọ àti ẹ̀yin olùkọ́: kí ẹ yọ orúkọ kúrò lára àga méjì tí ó súnmọ́ ilẹ̀kùn jù lọ, kí ẹnìkan nínú yín sì jókòó níbẹ̀, tí yóò fún àlejò ní ìwé orin, tí yóò sì bi í léèrè, bí ìsìn bá parí, ibi tí ó ń lọ àti ohun tí ó rù.