Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Ìgbàgbé?

Olùkọ́ kọ́ ọmọ ní nǹkan lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ gbọ́ ọ, ó yé e, ó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ bi í ní ìbéèrè kan náà, ọmọ ń wò suu. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni, "Na ọwọ́ ẹ!" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì nílùú Ìwó, Mùsùlùmí sì ni mí, inú ilé-kéwú ni mo dàgbà sí. Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an ni ọmọ yẹn ṣẹ̀?

A kì í dá ènìyàn lẹ́jọ́ lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí ìrántí. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwádìí náà. Ó to àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ jọ, ó há wọn sórí títí tó fi lè kà wọ́n láìṣì, ó wá pa wọ́n tì. Lẹ́yìn nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú, tàbí wákàtí kan, tàbí ọjọ́ kan, títí dé oṣù kan, yóò padà há wọn sórí láti wo iye àkókò tí yóò gbà á. Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí èyí tó ju ìdajì làálàá rẹ̀ fi ṣòfò. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì fẹ́ rántí tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n kódà lẹ́yìn oṣù kan, kíkọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó dà bíi pé ó ti lọ pátápátá ṣì fi nǹkan sílẹ̀.

Ẹ̀sìn mi kò sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, kìlọ̀ fún àwọn tó há Àlùkùránì sórí pé kí wọ́n máa tún un kà déédéé, nítorí ó ń yára sá lọ ju ràkúnmí tó já okùn lọ. Àwọn olóòótọ́ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn aláìbìkítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀, ní ìparí Súrátul-Bákárà, kọ́ wa láti bẹ Òun pé kí Ó má fi ìgbàgbé àti àṣìṣe wa mú wa. Ọba tó dá wa mọ̀ pé a óò gbàgbé, Ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ta ni olùkọ́ tí yóò wá gbé ẹgba lé ọmọ lórí nítorí rẹ̀?

Èmi ò sọ pé kí a káwọ́ lẹ́rán o. Ẹni tó ni ràkúnmí ló ni iṣẹ́ àti máa yẹ okùn rẹ̀ wò. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọdé tí kò tíì mọ bí a ṣe ń so okùn, ọrùn ẹni tó ń kọ́ ọ ni iṣẹ́ náà wà.

Àfáà tó kọ́ mi ní kéwú mọ èyí dáadáa. Láàárọ̀, kí a tó fọ tàdáà àná kúrò lójú wàláà, a ó dojú wàláà délẹ̀, a ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un láìwò ó. Bí o bá dé ibi tó há, kò ní yára là á fún ẹ. Yóò máa fa tẹ̀súbáà rẹ̀, yóò dúró dè ẹ́. Ìgbà tó bá rí i pé o ti wá a títí ni yóò tó fún ẹ ní ègé ọ̀rọ̀ kan péré. Tí o bá parí, yóò ní kí o padà sí èyí tó o kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìwádìí ti Àfáà mi lẹ́yìn. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Yunifásítì Washington, nílùú St. Louis ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan, wọ́n sì pín àkókò wọn sí mẹ́rin. Àwọn kan fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà á. Àwọn mìíràn fi ọ̀kan kà á, wọ́n sì fi mẹ́ta tó kù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìṣíwèé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ló kù lọ́wọ́ wọn, nígbà tí àwọn tó ń wá a nínú orí ara wọn ṣì ní ìdá 61. Bẹ́ẹ̀, àwọn akàtúnkà yìí gan-an ló dá lójú jù pé àwọn ò ní gbàgbé. Ìrọ̀rùn ló tàn wọ́n. Tí ìwé bá ṣí sílẹ̀ níwájú ẹni, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń jọ pé a ti mọ̀.

Ní kíláàsì tèmi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun, gbogbo wọn á pa ìwé dé. Wọ́n á mú abala bébà kan, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rántí nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá àti ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. N kì í fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣíwèé, wọ́n á fi bírò aláwọ̀ mìíràn fi èyí tó kù kún un.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àkọ́sórí lásán ni ohun tí mò ń ṣe yìí, pé òye ni ká máa wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọmọbìnrin kan ní SS2 ń ya bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Ó ya ọkàn, ó fi yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ó fa ọfà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó wá dúró. Kò rántí apá tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ sọ fún un, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo bi í pé, "Apá wo nínú ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara?" Ó ki ìdí bírò bọ ẹnu, ó wo òkè àjà, ó ní, "Apá òsì ni, mà." Kí n tó tún sọ̀rọ̀, ó ti fa ọfà náà lọ sí apá òsì. Òye ló fi wá ohun tó gbàgbé rí. Bí kò bá sì rántí àwọn yòókù tó ti yà, kí ni òye náà ì bá dì mú?

Àwọn mìíràn ní síléébọ́ọ̀sì pọ̀, kò sí àyè. Òótọ́ ni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a sáré kọ́ parí, tí ọmọ ò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀, ta la kọ́ ọ fún?

Ìdájọ́ tèmi ni pé ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Olùkọ́ tó mọ̀ pé ọmọ yóò gbàgbé, tí kò pè é padà sí ẹ̀kọ́ náà, ni yóò jíhìn. Ẹgba ń jẹ ọmọ níyà lórí ohun tó sọnù, ìbéèrè ló ń bá a wá a. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbé ẹgba sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé lálẹ́ òní, ẹ má bi í pé ṣé ó ti kàwé. Ẹ ní kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi rántí.