Ọmọ Ènìyàn Kì Í Ṣe Ọjà



Ní ọdún 1996, ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n ta ọmọ ọdún 12 kan, Hadijatou Mani, ní 240,000 owó sẹ́fà. "Wahaya" ni wọ́n pè é, ìyẹn ìyàwó karùn-ún. Mẹ́rin ni òpin ìyàwó nínú ẹ̀sìn wa. Ta ló wá gba ìkarùn-ún láyè? Ẹrú ni wọ́n fi í ṣe, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀sìn bò ó mọ́lẹ̀.

Ó gba ìwé òmìnira ní 2005. Nígbà tí ó fẹ́ ọkọ tí ó wù ú, wọ́n ní ó fẹ́ ọkọ méjì, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 2007. Kò dákẹ́. Ó pe ìjọba Niger lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ ECOWAS, ó sì jàre ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, 2008. Mílíọ̀nù 10 sẹ́fà ni wọ́n ní kí ìjọba san fún un.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni tí ó ta ọmọ olómìnira jẹ ṣẹjọ́.

Ní Ìjọra wa ńkọ́? Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń kiri ọjà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé-kéwú, ta ló ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwa. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí ń tú ni sílẹ̀. Àmín.