Ojúṣe Wa sí Ẹni Tí Orí Rẹ̀ Ń Dàrú

Àwọn àgbà a máa wí pé wèrè dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ṣeé bí lọ́mọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa ní Fìdítì, Ìlọràá àti gbogbo agbègbè Afijio sọ̀rọ̀ lórí àrùn ọpọlọ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ọ̀dọ́ kan ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì ń fura sí àwọn ará ilé rẹ̀.

Ní Yunifásítì Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ ti ṣe ètò kan tí à ń pè ní Actissist, tí aláìsàn ń lò nínú fóònù rẹ̀. Léraléra ni fóònù náà ń bi í léèrè nípa ohùn tí ó ń gbọ́ àti ìfura rẹ̀, tí ó sì ń fi ọ̀nà hàn án láti tún un rò. Ènìyàn 36 ni a kọ́kọ́ fi dán an wò, a sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2018. Nítòsí wa, ní ìlú Benin, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù aláìsàn láti rán an létí ọjọ́ tí yóò rí dókítà, àwọn tí ń pa ọjọ́ náà jẹ a dín kù.

Bí ẹ̀rọ bá lè ṣe èyí, ojúṣe tiwa ha ti parí bí? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Oògùn kò wọ́n ọn; síbẹ̀ kò ka ìbátan sí ohun tí a lè yọ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ìbátan kan náà ni í fi aláìsàn pamọ́ nítorí ìtìjú, tàbí kí ó dè é mọ́lẹ̀, nígbà tí fóònù kì í yọ ṣùtì síni. Òtítọ́ ni. Ẹ̀gàn wa ni ó ń lé e lọ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè po ẹ̀kọ fún un, kò sì lè bá a wọkọ̀ dé Ìbàdàn. Bí ìfura rẹ̀ bá sì kan fóònù náà ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gba ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọpẹ́, kí a sì pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ẹni tí ń gbàdúrà fún un, kí ó bá a dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Fóònù lè jẹ́ ìránṣẹ́ wa sí i. Kò lè jẹ́ arọ́pò wa.