Ẹja Òjò Àkọ́rọ̀

Púpọ̀ nínú yín ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní etí odò Ọbà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Omi a dàrú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹja àrọ̀ tí ó ti fara pamọ́ sínú ibú ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn a jáde wá sí ibi tí omi kò jìn, láàárín koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń yé sí, tí ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara koríko. Nígbà náà ilẹ̀ ti rọ̀, ekòló sì pọ̀ fún ìdẹ. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ koríko ní àṣálẹ́, tàbí tí ó dẹ ìgèrè sí ojú ọ̀nà tí ẹja ń gbà, kò ní í padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún, òjò yìí a máa bọ́ sínú ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, tí a kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àsìkò tí àwa ń sẹ́ ara wa ni ẹja ń yé, èyí tí ẹyin sì kún inú rẹ̀ ni a ń fi ọwọ́ yàn lórí àtẹ. (Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má dá mi lẹ́jọ́.) Ìbéèrè mi ni èyí: ohun tí ó rọrùn láti mú, ṣé tiwa ni nítorí pé ó rọrùn?

Àgbẹ̀ kò ní í pẹ́ dáhùn. Àgbàdo irúgbìn tí ó so kọ́ sí òkè ààrò wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ ní oṣù tí ebi mú jù lọ, síbẹ̀ kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n apẹja lè wí fún un pé: “Ìwọ ni o ni oko rẹ. Bí mo bá fi ẹja yìí sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò mú un kí ilẹ̀ tó mọ́.” Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Nínú ìwé Diutarónómì, orí kejìlélógún, a pa á láṣẹ pé bí ènìyàn bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà, kí ó má ṣe kó ìyá mọ́ ọmọ. Kí ó jẹ́ kí ìyá lọ. Òfin náà kò ní kí ebi pa ẹnikẹ́ni.

Lójú mi, ìwọ̀ sún mọ́ òfin yìí ju àwọ̀n lọ. Irú ẹja ẹpìyà kan wà tí abo rẹ̀ ń gbé ẹyin sí ẹnu títí wọn ó fi pa. Bí ẹ̀rù bá ba àwọn ọmọ náà, ẹnu ìyá ni wọ́n ń sá wọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí agbára káká ni ó fi ń jẹun, nítorí náà kì í sáábà gbé ìdẹ mì. Ṣùgbọ́n àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí a ta dí odò kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Gammalin, tí a ṣe fún kòkòrò oko kòkó, tí àwọn kan sì ti dà sínú odò ní ilẹ̀ wa, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń pa èyí tí a ó jẹ àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní í jẹ, májèlé rẹ̀ sì ń bá wa dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò lè sọ pé opó tí ó fi ìwọ̀ mú àrọ̀ méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀ dẹ́ṣẹ̀, ìbáà ṣe pé ẹyin kún inú méjèèjì. Ẹni tí ó dí odò ni mo ń bá wí, nítorí ó ti jẹ ìpín ọmọ ẹlòmíràn tí kò tí ì dàgbà tó láti di ìwọ̀ mú. Póòpù Francis náà kọ ọ́ ní ọdún 2015, nínú Laudato Si’, pé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní ìpín nínú ayé yìí.

Àwa tí ń rà á ńkọ́? Ní ọjọ́ Ẹtì ààwẹ̀, kí ẹ tó nawọ́ sí èyí tí ikùn rẹ̀ yọ, ẹ bi ẹlẹ́ja léèrè ohun tí wọ́n fi pa á. Ó lè kọ́kọ́ fi yín rẹ́rìn-ín.